Àgbá, ẹdùn, àfojúsùn: èsì mi lórí àwọn ọ̀rọ̀ àwọn ayìnàgbá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé síwájú wa, èyí tí ẹ fẹ́ kí àwọn tó ń kọ ìtàn ẹnu àwọn ayìnàgbá, ìyẹn àwọn ológun tó ń yin àgbá, tó ti fẹ̀yìn tì máa lò. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: “ìbọn ńlá” fún ohun ìjà gbogbo tó bá ti ju ti ọwọ́ lọ, “àfojúsùn” fún ibi tí wọ́n ń yìn ín sí, àti “ẹdùn” fún ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Méjì àkọ́kọ́ kò bá iṣẹ́ náà mu rárá. Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín.

Dípò “ìbọn ńlá”, a ti ní àgbá tipẹ́tipẹ́. Àgbá tí wọ́n ń rọ epo sí náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbọ́ pé wọ́n yin àgbá tó máa ronú kan epo. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n dunjú. Nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya bo Èkó ní oṣù Kejìlá 1851 láti lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, dídún àgbá wọn ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Agídìngbì. Àwọn mìíràn ń pè é ní Ahóyaya. Èyí tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1877, dídún ohun ìjà náà ló sọ ọ́ ní Kírìjí. Orúkọ tí ẹni tí wọ́n ń yìnbọn lù sọ ọ́ nìyẹn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó dúró nídìí àgbá nílò orúkọ tó máa sọ bí ohun tó yìn ṣe ń rìn, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Oríṣi kan wà tí ẹnu rẹ̀ gùn, tí ẹ̀tù rẹ̀ pọ̀, tí ohun tó bá yìn ń sáré lọ tààrà. “Àgbá gbọọrọ” tó o. Èkejì ni howitzer, tó ń yìn sókè kó lè balẹ̀ sẹ́yìn òkè, bí ọmọdé ṣe ń sọ òkò gba orí ògiri lọ bá máńgòrò tí kò rí. “Àgbá asọ̀kò” ni èmi ń pè é. Ẹ má wulẹ̀ tọ ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn lọ, kò ní bá yín dé ibì kankan: houfnice ti àwọn Czech ni, láti ìgbà ogun ẹ̀sìn àwọn Hussite ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, houf sì ni èrò púpọ̀ lédè wọn. Jámánì yí i sí Haubitze, Gẹ̀ẹ́sì tún yí tirẹ̀. Ní ti mortar, oríṣi kẹta, odó gan-an ni wọ́n fi pè é nílùú tiwọn, torí ti àtijọ́ kúrú, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gba “odó ogun”, ká máa lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìdí tí asọ̀kò fi gbọ́dọ̀ dá dúró lórúkọ, kó wo ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀tù. Nínú ohun ìjà asọ̀kò 105 mm (bí ihò ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn) ti Amẹ́ríkà, àpò ẹ̀tù kéékèèké méje ló wà nínú agolo rẹ̀, okùn ló so wọ́n pọ̀. Bí àṣẹ bá ní ẹ̀tù 4, ó máa fa okùn náà jáde, ó máa já àpò 5, 6 àti 7 kúrò, ó máa dá mẹ́rin tó kù padà sínú agolo, kó tó fi ẹdùn dé e lórí. Ẹ̀tù tó dín kù ni kò jẹ́ kó lọ jìnnà jù nígbà tí wọ́n bá gbé ẹnu àgbá sókè. Ẹ tún wo D-30 ti Rọ́ṣíà, 122 mm, tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà náà ní: ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi ń jókòó, ó lè yí ká pátápátá lórí wọn, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi kọ́ ọkọ̀ tó ń wọ́ ọ. Àwọn tiwa tó lọ sí Bọ́mà pẹ̀lú 81st Division, ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n ń fi orí ru ẹrù já àfonífojì Kaladan ní 1944, asọ̀kò 3.7-inch ni wọ́n ní, èyí tó ṣeé tú sí ẹrù ìbaaka mẹ́jọ. “Ìbọn ńlá” kò lè ya ìkankan nínú ìwọ̀nyí sọ́tọ̀.

Àfojúsùn ló dùn mí jù, torí ọ̀rọ̀ gidi ni, ibi tí ẹ gbé e sí ni kò tọ́. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni. Ọdẹ fojú sun ẹran, ó yìn ín. Ibi tí ojú rẹ̀ wà ni ọta ń lọ. Bí ti àgbá náà ṣe rí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Rọ́ṣíà àti Jàpáànì jagun ní 1904 sí 1905, ó ti hàn gbangba pé àgbá tó bá dúró sí gbangba kò ní pẹ́ lórí ilẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e pamọ́ sẹ́yìn òkè, ẹni tó ń yìn ín kò sì rí ọ̀tá mọ́. Kí ló wá ń wò? Òpó méjì ni, tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbi tí kò jìnnà sí i. Wọ́n á ka iye fún un, á yí i sórí awò rẹ̀, á wá máa yí àgbá títí awò náà yóò fi padà bá òpó wọ̀nyẹn. Òpó ló fojú sùn. Ọ̀tá lè wà ní kìlómítà 10, lápá ibòmíràn pátápátá.

Nítorí náà, òpó ni kó máa jẹ́ àfojúsùn. Ohun tí wọ́n fẹ́ bà jẹ́ “àyìnsí”. Ibi tí ẹdùn já sí gan-an jẹ́ “ibùbalẹ̀”, torí ìbá wù wá kí àyìnsí àti ibùbalẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, wọn kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ẹni tó jókòó níbi tó ti ń rí méjèèjì ni alóre. Inú mi dùn pé ẹ ò pè é ní amí.

Iye tí wọ́n ń kà fún un láti fi yí àgbá, mílì ni, ìwọ̀n igun, ẹ jẹ́ kó jẹ́ mílì. Àwọn NATO pín àyíká sí 6400, Rọ́ṣíà pín tirẹ̀ sí 6000, Sweden lo 6300 tẹ́lẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ ni pé mílì 1 ní kìlómítà 1 tó nǹkan bíi mítà 1. Bí ẹdùn bá fi mítà 50 ṣìnà sọ́tùn-ún ní kìlómítà 5, mílì 10 sósì ni. Bó bá jẹ́ iwájú tàbí ẹ̀yìn ló ti ṣìnà, bí kò bá dé ibẹ̀, alóre á fi mítà 400 kún un, bó bá kọjá á dín 200, á máa pín in sí méjì títí àyìnsí yóò fi há sí àárín. Gabel ni Jámánì ń pè é, vilka ni Rọ́ṣíà, fọ́ọ̀kì ni méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ẹnìkan ti mú “pàlàkà” wá. “Ìhámọ́” ló wù mí jù: ohun tí alóre ń ṣe gan-an ló sọ.

Ó wá kan ẹdùn. Àwọn kan ti kọ̀wé pé ọta tó. Ọta bá ìgbà tí irin tó ki ni wọ́n ń yìn mu. Ti òde òní ní ihò nínú, ó sì ń bú gbàù. Àwọn mìíràn ní ẹdùn àrá ti Ṣàngó ni, pé kò yẹ ká fà á wọ inú ọ̀rọ̀ ológun. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn ará wa lókè òkun ti gbé e dé. Santa Bárbara ni alábòójútó àwọn ayìnàgbá nínú ìjọ Àgùdà, torí ìtàn sọ pé baba rẹ̀ tó bẹ́ ẹ lórí, àrá ló sán pa á. Ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ni ọjọ́ rẹ̀. Àwọn ará Spain tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe yàrá ẹ̀tù nínú ọkọ̀ ogun, santabárbara. Àwọn Lukumí, ìyẹn ọmọ Yorùbá ní Cuba, wo obìnrin aláàrá yìí, wọ́n ní Ṣàngó ni. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, Ọya ni wọ́n fi pè é. Ohun tó ń ti ojú ọ̀run já lu ilẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí a ò rí, ẹdùn ni.

Kí n tó gbàgbé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ “tún un ṣe” kúrò nínú àwọn àṣẹ orí rédíò. Àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kì í sọ “repeat” nígbà tí wọn kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, “say again” ni wọ́n ń sọ, nítorí “repeat” létí ayìnàgbá ni pé kó tún yin iye tó yìn tẹ́lẹ̀ sí ojú ibẹ̀ náà. Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ láti ilé: “tún un sọ” àti “tún un yìn”. “Tún un ṣe” lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó sì tún lè jẹ́ pé àgbá bàjẹ́, kí wọ́n wá ṣàtúnṣe rẹ̀.