Kí ni ẹ máa ń wò tí ọpẹ́ fi ń ti ọkàn yín wá?

Olùkọ́ Mọ́níyà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Láràárọ̀ ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ máa ń kúnlẹ̀ àdúrà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti kíyè sí i pé ẹnu mi nìkan ló ń dúpẹ́: mo ń ka ẹ̀mí, oúnjẹ àti ilé bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ iléèwé nínú rẹ́jísítà. Ìyàwó mi ní kí n máa wo àwọn nǹkan kéékèèké tó yí mi ká. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wo ojú ọ̀run títí, n kò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, kí ni ẹ máa ń wò gan-an?

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ojú ọ̀run tóbi jù, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi tí àwọn ẹ̀gà ti sọ di ìlú wọn. Èpè ni mo máa ń ṣẹ́ fún wọn tẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n ti ya imọ̀ ọ̀pẹ náà tán. Lásìkò òjò ọdún tó kọjá, ẹsẹ̀ ń dùn mí, n kò lè rìn jìnnà, mo bá di ẹni tó ń jókòó tì wọ́n. Akọ ló ń hun ilé. Yóò fi ẹnu gé etí imọ̀, yóò fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, yóò sì gbé e fò lọ. Bó bá hun ún tán, yóò so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, yóò máa ju apá, yóò máa pe abo kó wá wò ó. Bí ilé náà bá gbẹ láìsí abo tó gbà á, yóò tú u, yóò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti rántí bàbá àwọn ọmọ mi, tó mọ ògiri yàrá wa lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí òjò wó o, tí n kò sì dúpẹ́ rẹ̀ rí, nítorí mo kà á sí iṣẹ́ ọkùnrin. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé oúnjẹ fún un, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́. Ó ní ṣé kì í ṣe pé mo ti ná owó àjọ.

Àbúrò yín ní Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, oòrùn máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù Disẹ́ńbà. Bí Jánúárì bá wọlé, mo máa ń ṣọ́ ọ lójú fèrèsé ibi iṣẹ́, bó ṣe ń fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì pẹ́ sí i lójoojúmọ́ kó tó wọ̀. Mo máa ń pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ròyìn rẹ̀, wọ́n á sì ní kí n bu díẹ̀ nínú tiwọn, oòrùn ti fẹ́ pa wọ́n.

Ọmọ Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ di dandan. Nígbà tí ọmọ mi wà ní ilé ìwòsàn, gbogbo ẹni tó ní kí n máa wo oore ló ń bí mi nínú. Ó ní òun fẹ́ jẹ àgbálùmọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń tu kóró rẹ̀ sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà á. N kò dúpẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ti rẹ̀ mí jù. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo rí kóró kan nínú àpò aṣọ mi.

Olùkọ́ Mọ́níyà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Láàárọ̀ yìí, àbíkẹ́yìn mi ń gbálẹ̀, ó sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀ nídìí patanmọ́, ó ń fọwọ́ kan ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn fi pa dé. Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn pé a ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo lóṣòó tì í. Ó ní kí a dúró kó tún ṣí. Èmi tí mo máa ń fi ìyà jẹ àwọn tó bá pẹ́ dé, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti kọrin tán ni mo wọ iléèwé. Ọ̀gá bi mí ohun tó dá mi dúró, mo ní táyà ló jò.