Ihò ológun abẹ́ ilẹ̀: ṣé kí n rà á?
Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ wà ní ìlú ọba, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Wọ́n fẹ́ ta ihò kan ní gbàǹjo, ọ̀kan lára èyí tí Royal Observer Corps (àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa bá ìjọba ìlú ọba ṣọ́nà nígbà kan) fi ń múra láti ṣọ́ ibi tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bá bọ́ sí. Wọ́n ti pa á tì láti 1991. Àkàbà irin la fi ń sọ̀ kalẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀, gígùn rẹ̀ ò tó mítà 5. Kò síná, kò sómi ẹ̀rọ, ògiri sì ti rin gbingbin. Ìyàwó mi ní sàréè ni mo fẹ́ fowó rà (mi ò rí i bá wí). Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí lẹ fi dí omi? Báwo lẹ ṣe fa atẹ́gùn wọlé? Ṣé káńsù á tiẹ̀ gbà kéèyàn máa sùn níbẹ̀?