Òpópónà tí bàbá ńlá ìyàwó mi gbé ti pòórá

Ẹ kú ilé o. Ìwé ìkànìyàn 1881 ní Half Nichol Street, Bethnal Green, London ni bàbá ńlá ìyàwó mi ń gbé. Mo wá a lórí Google Maps títí ojú fi ń ta mí. Àbí akọ̀wé ló ṣì í kọ?

— Kò ṣì í kọ rárá. Àdúgbò Old Nichol nìyẹn. Wọ́n wó o palẹ̀, wọ́n kọ́ Boundary Estate, ọgbà ilé ìjọba, síbẹ̀. 1900 ni wọ́n ṣí i. Òkè kékeré àárín Arnold Circus, oríta róbótó inú ọgbà yẹn, àwókù ilé wọn ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

— Ẹ wo máàpù àtijọ́ ti Ordnance Survey (àjọ tó ń ya máàpù ní Britain) lórí ìkànnì ilé ìkàwé ìjọba Scotland, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà ilé ṣá o, wọ́n máa ń yí i.

— Mo ti rí i! Tín-ín-rín báyìí. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n pa kọ̀ǹpútà mọ́.