Ẹ gbà mí o: ibo ni kí n ti ṣe project lórí ohun tó ń fa ìṣẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìkẹyìn: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Súpáfáísọ̀ mi ní òun ò gba àkòrí mi, kí n mú òmíì wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí ohun tó ń sọ èèyàn di òtòṣì. Abúlé wo ni kí n lọ? Kí ni kí n bi wọ́n? Orí mi ti gbóná.

Ọmọ_Oǹdó: Oko kòkó ni. Bàbá mi àgbà gbin kòkó títí wọ́n fi kú, ilé alámọ̀ ni wọ́n kú sí. Láyé ìjọhun Marketing Board, àjọ ìjọba tó ń ra irè oko, ló ń rà á, iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ ò tó iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, owó kòkó yẹn náà wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955. Wọ́n tú board ká ní 1986, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn alágbàtà. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì: Àbúrò má lọ sábúlé kankan o! Fọ́ọ̀mù 120 ni mo gbé lọ, baálẹ̀ ní àwọn tó wá kọ orúkọ àwọn léṣìí dà? Wọ́n rò pé ìjọba fẹ́ pínwó ni, bàbá kan ní òun ò ní kọ́bọ̀, ìyàwó wọn sì ń sá kòkó lẹ́yìnkùlé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta ṣòfò.

Atọ́kùn: Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ fún wọn ní nǹkan? Ẹ dá àgbẹ̀ dúró lójú iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni?

Ìyá_Ìbejì: Ẹni tó o bá fún lówó, ohun tó o fẹ́ gbọ́ ló máa sọ.

Atọ́kùn: Ẹni tó o ò fún ńkọ́, ṣé òótọ́ ló sọ fún yín?

Délé_Ilé: Ká fìyẹn sílẹ̀. NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò, ka èèyàn mílíọ̀nù 133 mọ́ òtòṣì ní 2022, kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n wò, wọ́n wo ilé ìwé, omi, ohun tí wọ́n fi ń dáná. Sókótó 91 nínú ọgọ́rùn-ún, Oǹdó 27. Òkè Ọya ni kó lọ.

Ọmọ_Oǹdó: Àwọn tó wà nínú 27 yẹn ńkọ́, wọn kì í ṣèèyàn?



Akẹ́kọ̀ọ́_Ìkẹyìn: Ẹ ṣé gan-an, mo ti pinnu. Ọjà tí màmá mi ti ń ta ata ni. Mo débẹ̀ lónìí, ọjọ́ tí àwọn ayánilówó ń wá gbowó ọ̀sẹ̀ ni, gbogbo ẹgbẹ́ tó jọ yáwó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dìde tówó ò bá tíì pé. Ti obìnrin kan ku 1,500, àwọn yòókù ló dá a fún un, màmá mi tú owó tí wọ́n dì síbi ìró, owó ata ọ̀la sì ni. Gbọ́mú-lé-lántánì làwọn ará ọjà ń pe irú owó yíyá yìí. Bí gbèsè ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ṣe ń jẹ owó òwò ni màá kọ. Mi ò ní gbé fọ́ọ̀mù, káàdì ìsanwó wọn ni màá máa kà.

Ìyá_Ìbejì: Ó dáa. Bi wọ́n bóyá wọ́n tún ń yá tibòmíì san tibẹ̀, káàdì kan ò ní fi yẹn hàn ẹ́.