"Àpò" ni àbí "ọ̀pá"? Orúkọ fún kókó yíyọ̀ inú páńkíríásì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe MCN àti IPMN, kókó méjì tó ń sun omi yíyọ̀ nínú páńkíríásì (ẹ̀yà ara tó ń da omi tó ń mú oúnjẹ dà sínú ìfun), ní "àpò ikun". Mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká mú "ikun" ná. Ti imú là ń wí. Ta ló ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ẹni tó bá rí i láìsí àmì á kà á sí ikùn. (Ká má tíì dárúkọ ikún tó ń jọ̀gẹ̀dẹ̀.) "Yíyọ̀" sàn jù. Ẹni tó bá ti fi òkèlè bọ ọbẹ̀ ilá mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ń dán an wò: wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa omi inú kókó, wọ́n á kán an sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, wọ́n á rọra ya ìka méjèèjì. Bó bá fà tó sẹ̀ǹtímítà kan kó tó já, yíyọ̀ ni. Irú tí omi rẹ̀ ṣàn gere kì í fà. Bí CEA (èròjà puróténì kan) inú omi náà bá kọjá 192 ng/mL, ibì kan náà ló ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń sọ bóyá MCN ni tàbí IPMN nínú ẹ̀rí méjèèjì yìí.

"Àpò" gan-an ni mo bá jà. MCN, àpò ni lóòótọ́: ó dá wà, ara rẹ̀ nípọn, kò bá ọ̀pá tí páńkíríásì fi ń da omi sínú ìfun pàdé. Àárín àti ìrù páńkíríásì ló sábà ń wà, obìnrin tó ti lé ní 40 ọdún ló sì sábà ń ní in. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹran tó jọ ti ilé ẹyin obìnrin gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ awọ inú rẹ̀. Bí kò bá sí, kì í ṣe MCN. Síbẹ̀, mi ò gba "àpò obìnrin" tí ẹnìkan dá lábàá, torí IPMN náà ń ṣe obìnrin.

IPMN, tí wọ́n ṣàpèjúwe ní Japan lọ́dún 1982, inú ọ̀pá fúnra rẹ̀ ló ti ń hù, wẹ́wẹ́ bí ìka ọmọ tuntun. Yíyọ̀ á dí ọ̀pá, ọ̀pá á fẹ̀. Bí ọ̀pá àgbà bá fẹ̀ tó mílímítà 10, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti dé nìyẹn. Nígbà míì, kámẹ́rà inú ìfun á rí ẹnu ọ̀pá tó là bí ẹnu ẹja, tí yíyọ̀ ń ti ibẹ̀ sun jáde. Àpò wo ló wà níbẹ̀?

Àbá tèmi: "àpò yíyọ̀ àdádó" fún MCN, "kókó yíyọ̀ inú ọ̀pá" fún IPMN. Bí wọ́n bá gé àdádó tí kò tíì di jẹjẹrẹ, ó parí. Ti inú ọ̀pá lè tún hù nínú páńkíríásì tó kù, nítorí náà wọ́n á ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tó ta kókó ni IPMN ti ẹ̀ka ọ̀pá, torí nínú àwòrán, ó jọ àpò bí èso àjàrà tó so pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé àyẹ̀wò, ẹ wá gbólóhùn tó sọ bóyá ó bá ọ̀pá pàdé. Bí ìwé náà ò bá sọ, ẹ kọ "kókó olómi yíyọ̀" nìkan.