Àwo tí mo fi okùn ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ti bu o, ẹ gbà mí

Ọmọ_Olúyọ̀lé: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ṣe àwo tí èèyàn lè fi ra àkàrà kó sì jẹrà fúnra ẹ̀ tó bá dé ààtàn. Mo fi ọ̀bẹ ha okùn inú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde, mo sá a, mo wá ro sítáàṣì ẹ̀gẹ́ àti gílísírìnì díẹ̀ lórí iná títí tó fi ki, mo dà á lé okùn yẹn lórí mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ó le gan-an, tẹ́ ẹ bá gbá a ó ń dún kọ̀ọ́kọ̀ọ́. Òjò kan péré ló rọ̀, inú yàrá ló wà o, ló bá rọ̀ bíi fùfú, ọjọ́ kẹta ó ti bu. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ra rẹ́sìnì, oje tí wọ́n ń dà lé okùn tó sì máa ń dì le, l'Ọ́jọ́ta, ṣé kí n rà á?

Ìyá_Ìbejì: Àbúrò, sítáàṣì ń mumi, gílísírìnì tó o fi sí i kó má baà sán náà tún ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, báwo ni ò ṣe ní rọ̀? Rẹ́sìnì yẹn ńkọ́, tó bá jẹ́ polyester tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ni, ike ni o, okùn inú ẹ̀ nìkan ló máa rà. PLA, ike kan tó lè jẹrà, lò ń wá, ara sítáàṣì àgbàdo tàbí ṣúgà ìrèké ni wọ́n ti ń ṣe é.

Tísà_Káfíńtà: Okùn yẹn náà lẹ́jọ́ o. Nǹkan tó ń yọ̀ bí ìda wà lára ẹ̀ tí ò ní jẹ́ kó dì mọ́ rẹ́sìnì. Mo fọ́ tèmi wò nígbà kan, ṣe lokùn ń yọ jáde ní mímọ́ bí ìgbà téèyàn fa idà yọ lákọ̀. Rẹ ẹ́ sínú omi kọ́sítíìkì 5%, omi ẹ̀ á pọ́n bíi tíì, wá ṣàn án dáadáa kó o sá a gbẹ. Wọ ìbọ̀wọ́, mo lápá lọ́wọ́ tí mo lè fi hàn ẹ́. Tó o bá ń yọ́ PLA, bíi 170 degree ló ń yọ́, má jẹ́ kó kọjá 200, okùn á jó.

Ọmọ_Olúyọ̀lé: Ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé PLA yẹn á jẹrà lẹ́yìnkùlé wa?

Ìyá_Ìbejì: Kò lè tètè jẹrà níbẹ̀. Ó ń fẹ́ ooru tó tó 60 degree fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ààtàn yín ò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ooru yẹn náà ló ń jẹ́ kó rọ̀, àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lépo á ká a kò ni! Sítáàṣì ẹ ò burú jàre, fi ṣe ìkòkò tí wọ́n ń gbin tòmátò kékeré sí, tó bá ti wọlẹ̀ kó rà.

Ọmọ_Olúyọ̀lé: Háà mà, mo ti da méje nù! Tísà, kọ́sítíìkì táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà, ṣé òun náà ni?

Tísà_Káfíńtà: Òun ni. Inú omi ni kó o da kọ́sítíìkì sí o, má da omi lé e lórí.