Ọ̀rọ̀ 40 lóòjọ́, síbẹ̀ kò sí èyí tó dúró lórí mi

Orí-ń-hó:
Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun 40 lójoojúmọ́. Kì í ṣe eré ni mò ń ṣe o. Ìwé àjákọ mẹ́ta ti kún. Yíǹkì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fi ń kọ ọ́: pupa fún ọ̀rọ̀-orúkọ, búlúù fún ọ̀rọ̀-ìṣe, àwọ̀ ewé fún ọ̀rọ̀-àpèjúwe, dúdú fún ìyókù. Ìgbà 20 ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra. Tó bá di alẹ́, mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Tó bá di ọjọ́ kẹta, bí ẹni pé n ò rí wọn rí ni. Àbúrò mi tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí, tó kàn ń ka ìwé ìtàn káàkiri, òun ló ń tún ọ̀rọ̀ ṣe sí mi lẹ́nu nílé. Ó dùn mí gan-an. Ṣé iyè mi ló ra ni? Mo ti ń rò ó pé kí n sọ ọ́ di 60 lóòjọ́.

Gègé Dúdú:
Yíǹkì lo ròyìn fún wa. O ò sọ ibi tí o ti ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ náà, o ò sì sọ ohun tí o fẹ́ fi wọ́n ṣe. A nílò méjèèjì ká tó lè dá ọ lóhùn dáadáa.

Ṣùgbọ́n kíkọ nígbà 20 yẹn, pa á tì lónìí. Tó bá ti di ìgbà kẹta, ọwọ́ nìkan ló kù tó ń ṣe àdàkọ, ọkàn ti lọ. Ohun tó ń mú ọ̀rọ̀ dúró ni kéèyàn máa fà á jáde látinú orí nígbà tí kò sí níwájú rẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, dán an wò ní 2006: àwọn kan ń ka àyọkà lákàtúnkà, àwọn kan pa á dé, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà, àwọn tó dán ara wọn wò ló borí. Òun ló ń ṣe ọ́ láàárín alẹ́ sí ọjọ́ kẹta. Iyè rẹ kò ra. Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, pa á dé, bi ara rẹ. Bí kò bá tètè wá, fún un ní bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí o tó yọjú wò ó.

Ìyá Káàdì:
60 kẹ̀! 40 gan-an ló ń pa ọ́. Wá àpótí oníyàrá márùn-ún, irú èyí tí òǹkọ̀wé kan, Sebastian Leitner, ṣàlàyé ní 1972. Kọ ọ̀rọ̀ síwájú káàdì kékeré, ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Káàdì tuntun wọ yàrá kìíní, ojoojúmọ́ lò ń wò ó. Tí o bá gbà á, ó kọjá sí ìkejì, ọjọ́ méjì-méjì. Ìkẹta, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Ìkẹrin, ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ìkarùn-ún, ọjọ́ 16. Èyí tí o bá kùnà, ibi yòówù kó ti dé, kìíní ló ń padà sí.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ọ̀rọ̀ kan yóò yọjú sí ọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó kéré tán. Tí o bá ń fi ọ̀rọ̀ 10 kún un lóòjọ́, tó bá yá, káàdì bí 50 ni wàá máa wò lójúmọ́, láìka àwọn tó padà sẹ́yìn. 40 tìrẹ, 200 ni. Ta ló ráyè ìyẹn?

Káàdì kan, ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan. Má kó ìtumọ̀ mẹ́rin sẹ́yìn ẹyọ káàdì, torí wàá rántí méjì, o ò sì ní mọ̀ bóyá o gbà á tàbí o kùnà.

Lámèyítọ́:
Ìyá Káàdì, ẹ má bínú, káàdì ṣáá ni tiyín. Àbúrò rẹ̀ tó ń ka ìtàn kò ní káàdì kankan. Ìwé tó bá èèyàn mu ló yẹ kó wá. Nínú ọ̀rọ̀ 100, kó mọ nǹkan bí 98. Ojú ìwé tó ní ọ̀rọ̀ 300, mẹ́fà péré ni kó ṣàjèjì. Máa fi ìka kà wọ́n bí o ti ń kàwé. Tí ọwọ́ kan bá kún, tí èkejì náà ti ń kún lọ, gbé ìwé yẹn sílẹ̀, wá èyí tó rọ̀ jù ú lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí àjèjì ká ló ń tú u. Bí àwọn náà bá ṣàjèjì, ta ni yóò tú ta? Ọ̀rọ̀ tí o pàdé lẹ́ẹ̀kan, máa lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i nídìí. Lẹ́ẹ̀kẹta ni kí o tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.

Ìyá Káàdì:
Mi ò ní kó má kàwé. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣọ̀wọ́n lè má yọjú lẹ́ẹ̀mejì nínú odidi ìwé. Kí ẹ̀ẹ̀kẹta yín tó dé, àkọ́kọ́ ti fò lọ.

Afínjú Akọ̀wé:
40 ti pọ̀ jù. Gbìyànjú káàdì.

Lámèyítọ́:
Wọ́n ti sọ ìyẹn lókè o.

Orí-ń-hó:
Ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n yíǹkì mi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àwọ̀ máa ń jẹ́ kí n gbádùn iṣẹ́ náà. Ibi tí mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀, inú ìwé atúmọ̀ èdè ni. Láti A ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ti dé D. Mi ò fo ìkankan.

Gègé Dúdú:
Háà. Ọjọ́ kan náà lo kọ́ "adapt", "adept" àti "adopt" nìyẹn! Ọ̀rọ̀ tó jọra lójú àti létí máa ń wọnú ara wọn tí a bá kọ́ wọn pọ̀. Bákan náà ni àwọn tí ìtumọ̀ wọn sún mọ́ra tàbí tó tako ara wọn. Jẹ́ kí ọ̀kan dé yàrá kẹta kí o tó fọwọ́ kan èkejì.

Èyí tó bá lágídí, wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ìró rẹ̀ sún mọ́ ọn. Wo "cajole": etí tiwa gbọ́ "ká jó" níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ ẹni tí kò fẹ́ ṣe nǹkan títí yóò fi ṣe é. Ya àwòrán rẹ̀ sọ́kàn: ẹnìkan jókòó, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ẹlòmíì ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń fà á lápá díẹ̀díẹ̀, "ká jó, ẹ̀ẹ̀kan péré, ká jó," títí tó fi dìde. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ni pé ijó nìkan ni wọ́n ń yà sọ́kàn. Nígbà tó bá yá, wọ́n á ní ijó ni "cajole". Ọ̀rọ̀ dídùn yẹn ló gbọ́dọ̀ hàn nínú àwòrán. Ọ̀rọ̀ èdè Rọ́ṣíà ni àwọn olùwádìí Atkinson àti Raugh fi dán ọgbọ́n yìí wò ní 1975, ó sì ṣiṣẹ́. Àwọn olórí-kunkun nìkan ni kí o ṣe é fún o, kì í ṣe gbogbo wọn.

O ò sì tíì dá mi lóhùn. Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?

Orí-ń-hó:
Ká jó! Ìyẹn ò ní kúrò lórí mi mọ́ láé.
Ó dáa, mo máa sọ ọ́. Ìdánwò tí mo fẹ́ tún ṣe ni. Àròkọ ni, wọn kì í béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ọjọ́ 17 ló kù. Nígbà tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi pé àwọn ọ̀rọ̀ ńlá tí mo lò kò bára wọn rìn. Ìdí tí mo fi ń kó púpọ̀ sí i nìyẹn.

Ìyá Káàdì:
Kí ló dé tí o kò fi ìyẹn ṣáájú? Fa igi lé gbogbo ohun tí mo sọ nípa ọ̀rọ̀ tuntun. Ìwé atúmọ̀ èdè yẹn, má ṣí ojú ewé E rárá. Inú àjákọ mẹ́ta tó ti kún ni kí o padà sí, ṣa 96 tí o mọ̀ ní àbọ̀. 12 lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́jọ. Tún kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọjọ́ méje. Àwọn tó kẹ́yìn yóò parí ní ọjọ́ 15. Láti ọjọ́ kẹsàn-án, kọ àròkọ kúkúrú lójoojúmọ́, fi ọ̀rọ̀ márùn-ún péré sínú rẹ̀.

Kí o sì yí káàdì padà. Mímọ ọ̀rọ̀ tí a bá rí i yàtọ̀ sí kó wá fúnra rẹ̀ nígbà tí a ń kọ̀wé. Gbólóhùn tó ní àlàfo ni kó wà níwájú, ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Lámèyítọ́:
Ní ti èyí, mo fara mọ́ ọn. Kọ ohun tó ń bá ọ̀rọ̀ rìn mọ́ ọn: "comply with", "abstain from", "deprive" ẹnìkan "of" nǹkan. "Commit a crime" ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sọ pé "do a crime". Ọ̀rọ̀ tí o kò bá tíì rí nínú gbólóhùn mẹ́ta tí ẹlòmíì kọ, má gbé e wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Orí-ń-hó:
Mo ti ń ṣà wọ́n. Yíǹkì mi wá ńkọ́?

Gègé Dúdú:
Fi pupa kọ "with", "from" àti "of" yẹn. Dúdú fún gbogbo ìyókù.